A ń gbẹ́ sọkawéè ní agboolé wa n'Ífẹ̀, ilẹ̀ apáàdì ló yọ: kí ni ká ṣe?

Ọmọ_Ìrèmọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan dé bá wa ní agboolé wa ní àárín Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí Ẹnuwá, mo sì fẹ́ gba ìmọ̀ràn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. A fẹ́ dí ṣáláńgá àtijọ́, ká gbẹ́ sọkawéè tuntun sí ẹ̀yìnkùlé, ká sì mọ fẹ́ǹsì láti ibẹ̀ dé ojú títì. Iṣẹ́ kékeré ni, kò tó ohun tí èèyàn ń pe ẹnjiníà sí. Àwọn lébìrà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ àná. Wọn ò tíì gbẹ́ kọjá orúnkún tí dígà fi ń dún kò, kò, kò. Nígbà tí wọ́n gbá yẹ̀pẹ̀ kúrò, apáàdì ni, wọ́n tò ó lóòró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọjú sókè, òkúta wẹ́wẹ́ funfun sì tò lọ lẹ́sẹẹsẹ láàárín wọn.

Mo ní kí wọ́n dúró. Káńtírátọ̀ ń bínú pé owó òòjọ́ ń wọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun ní ká fọ́ ọ kí iṣẹ́ máa lọ, pé apáàdì lásán ni. Àbúrò bàbá wa ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun àti onítọ̀hún ni. Ṣé dandan ni ká pa iṣẹ́ tì? Ta la máa pè? Ta ló máa sanwó ẹni tá a bá pè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Mọ̀ọ́rè

Ẹ má fọ́ ọ! Ládùúgbò wa, òjò ló máa ń wẹ yẹ̀pẹ̀ kúrò lórí irú rẹ̀, a máa ń bá a lójú ọ̀nà. Ìyá wa àgbà a máa sọ pé Ọba Lúwòó, obìnrin tó jọba n'Ífẹ̀, ló ní kí wọ́n máa tò ó kí ẹsẹ̀ òun má baà kan ẹrẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí òjò tó dé.

Ayẹlẹ̀wò

Ọmọ Ìrèmọ, ẹ ṣeun gan-an tí ẹ ní kí wọ́n dúró. Iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn ni mo ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tí gbogbo ayé fi mọ Ifẹ̀, ẹni tó ń kọ́lé ló kọ́kọ́ fojú kàn án. Ní oṣù kìíní ọdún 1938, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá ààfin. Ilẹ̀ ò tíì jìn rárá tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo wa ń rí lórí ìwé dòní. Iye ère tó jáde láti ibẹ̀ lé ní 15. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí kòtò náà tó mọ ohun tó yẹ kó kọ sílẹ̀: báwo ni àwọn orí yẹn ṣe jókòó nínú ilẹ̀, ṣé inú kòtò kan ni wọ́n kó wọn pọ̀ sí àbí inú ojúbọ tó wó ni, irú yẹ̀pẹ̀ wo ló bò wọ́n, kí ló wà lábẹ́ wọn. Wọ́n hú wọn, wọ́n nù wọ́n, ó tán. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ Henry Maclear Bate, olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times, ó sì wọ British Museum ní 1939. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Méjì tẹ̀lé William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí n'Ífẹ̀ nígbà náà, kó tó dá wọn padà ní 1950. Orí tó bá lọ ṣì lè padà wálé. Ohun tí ilẹ̀ náà ì bá sọ fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ kò ní ibi tó máa gbà padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn lórí ọjọ́ orí àwọn ère náà títí di àsìkò yìí, àti lórí ohun tó kó wọn jọ síbẹ̀.

Ẹ wá wo Ìta Yemòó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, àwọn lébìrà ń ṣe ilẹ̀ lọ́jọ̀ fún ilé tuntun, wọ́n sì tún kan idẹ: ère Ọ̀ọ̀ni kan tòun ti aṣọ oyè, ère ọba àti olorì tí wọ́n fẹsẹ̀ kọ́ra, àti àwọn mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí iṣẹ́ dúró. Frank Willett, awalẹ̀pìtàn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá gbẹ́ ilẹ̀ náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì tún padà síbẹ̀ títí wọ ọdún 1963. Ó rí ilẹ̀ apáàdì irú tiyín yìí, ó rí ère amọ̀ níbi tí wọ́n wà gan-an, ó kó èédú tí wọ́n fi lè ṣírò ọdún. Ìlú kan náà ni, ọdún tó wà láàárín wọn ò tó 20, irú iṣẹ́ kan náà ló hú nǹkan jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó mọ ohun tó ń wò dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó dà rú tán.

Nítorí náà, Ọmọ Ìrèmọ, ẹ ò ní láti pa iṣẹ́ tì. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n wò dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ. Òfin ilẹ̀ wa tó dá àjọ tó ń mójú tó mùsíọ́mù sílẹ̀, Decree 77 ti ọdún 1979, sọ pé ẹni tó bá ṣèèṣì rí ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí. Mùsíọ́mù wọn sì wà ní Ẹnuwá níbẹ̀, ẹsẹ̀ lè gbé yín dé ibẹ̀.

Bíríkìlà_Modákẹ́kẹ́

Ọ̀gá Ayẹlẹ̀wò, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu àwa tá à ń di dígà mú. Owó òòjọ́ là ń gbà. Bí iṣẹ́ bá dúró, ilé mi ò ní jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ ní ká pariwo bí a bá rí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ariwo yẹn ló máa gba owó wa lọ́wọ́ wa. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń bò ó mọ́lẹ̀ kíákíá? Ẹ sanwó wákàtí tí ẹ bá fi dá wa dúró, kí ẹ wá wo bí ojú wa ṣe máa là.

Ìmọ̀ ilẹ̀ kò sì jìnnà sí wa bí ẹ ṣe rò. Mo mọ ilẹ̀ pupa tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ rí. Mo mọ ilẹ̀ dúdú tó rọ̀, tí èédú àti apáàdì wà nínú rẹ̀. Bí a bá kan ìyẹn, a mọ̀ pé kòtò àtijọ́ ni tàbí ibi tí èèyàn gbé rí, a ó sì gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn sí i kí ilé má baà sán. Bí dígà bá rì lójijì níbi tí kò yẹ kó rì, mo mọ̀ pé yàrà ògiri ìlú àtijọ́ lè wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè ohun tí mo rí rí.

Ayẹlẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ọ̀gá bíríkìlà. Ohun tí ẹ kọ nípa ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ dúdú yẹn, òun la fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Lórí owó, mo fara mọ́ yín pátápátá: owó wákàtí ìdúró gbọ́dọ̀ wà nínú iye tí onílé àti káńtírátọ̀ jọ fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Iléṣà_ní_London

Ẹ kú ìjíròrò o. Iṣẹ́ tí ẹ ń sọ yìí gan-an ni mo ń ṣe jẹun níbí. Ìlànà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1990 ló mú kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé máa ru owó ìwalẹ̀pìtàn bí ilẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ síbi tí nǹkan àtijọ́ lè wà. Ọ̀rọ̀ Rose Theatre ti ọdún 1989 wà lára ohun tó fa ariwo náà: ilé eré ayé Shakespeare ni, òun ni wọ́n bá lábẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì sí, àwọn òṣèré àti ará ìlú sì jáde wá dúró níwájú ibẹ̀.

Àwọn èèyàn rò pé ilé gogoro nìkan la ń dúró tì. Ẹni tó fẹ́ fi yàrá kan kún ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ri páìpù gáàsì, ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ la gọ́tà, gbogbo wọn ni wọ́n lè fi í sínú ìwé àṣẹ ìkọ́lé fún pé kí awalẹ̀pìtàn kan wà níbẹ̀. Mo máa ń dé láàárọ̀ kùtù, màá wọ akoto àti bàtà onírin, màá dúró níbi tí awakọ̀ katakata ti lè rí mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ẹnu ọkọ́ katakata náà. Bí eyín bá wà lẹ́nu rẹ̀, mo ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú sí i. Eyín máa ń fa ilẹ̀ ya ni, a ò sì ní rí nǹkan kan nínú ilẹ̀ tó ti fàya. Ẹnu tó tẹ́jú ń fá a ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fá díẹ̀, mo wò, ó tún fá díẹ̀. Bí àwọ̀ ilẹ̀ bá yí padà, mo nawọ́ sókè, ó dúró, mo bọ́ sínú kòtò pẹ̀lú ṣọ́bìrì kékeré mi. Ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mo ní ká máa lọ. Ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé a ò ní kúrò lójú kan láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: lọ́pọ̀ ìgbà n kì í rí nǹkan kan. Mo ṣì ń kọ ìwé lé e lórí, mo ń ya àwòrán kòtò náà àti bí ó ṣe jìn tó, ìwé náà sì ń wọ àkójọ ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé tó sọ pé a ò rí ohunkóhun ń jẹ́ ká mọ ibi tí ìlú àtijọ́ ò dé. Ẹ kó irú rẹ̀ jọ láti ọ̀pọ̀ kòtò kéékèèké, ẹ ó rí ààlà ìlú bó ṣe ń gbòòrò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá owó ńlá láti gbẹ́ ilẹ̀ kan.

Ọmọ_Onílẹ̀

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ èyí. Ilẹ̀ bàbá mi kò sí ní London. Ọmọ Ìrèmọ lọ fi tó ìjọba létí, ó dáa. Bí wọ́n bá wá fi waya yí ilẹ̀ náà ká ńkọ́? Ìta Yemòó tí ẹ ń yìn yìí, ṣé ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀ di kíkọ́? Ọgbà ìjọba ló dà. Ẹni tó ní ilẹ̀ mẹ́rin lè yọ̀ǹda ọ̀kan fún ìtàn. Ẹni tó jẹ́ pé púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ńkọ́? Àárín Ifẹ̀ yìí, kò sí ibi tí èèyàn máa gbẹ́ tí kò ní rí apáàdì. Tó bá jẹ́ pé gbogbo apáàdì ló máa dá iṣẹ́ dúró, ṣáláńgá la máa máa lò títí ayé nìyẹn. Mo fẹ́ràn ìtàn ìlú mi bí ẹnikẹ́ni níbí ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo tún fẹ́ kí ìyá mi rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ lò.

Àgbà_Ìlódè

Ọmọ mi Ọmọ Onílẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ní ìdí, n kò ní bá ọ wí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Bí ìwọ bá fi pamọ́, tí àwọn lébìrà rí i, ta ló máa kọ́kọ́ gbọ́? Ẹni tó ń ra nǹkan àtijọ́ lóru ni. Onítọ̀hún á dé kí ilẹ̀ tó mọ́, á na owó díẹ̀ sí ọ, á gbé ohun tí a kò ní rí mọ́ láéláé. Òfin ti wà láti ọdún 1974 tó ká wọn lọ́wọ́ kò lórí rírà àti títà irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn ò dáwọ́ dúró. Ibi tí ẹ̀rù bá ti mú kí onílé dákẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jèrè.

Ní ti gbígba ilẹ̀, ilẹ̀ apáàdì wà nínú àgbàlá púpọ̀ n'Ífẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ṣì ń gbé, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń sá àgbàdo lórí rẹ̀. Wọn ò tìtorí rẹ̀ lé wọn jáde.

Ọmọ Ìrèmọ, ohun kan kù tí àwọn ọmọ ìwé ò tíì mẹ́nu bà. Kí ẹ tó tún gbẹ́lẹ̀ síwájú, ẹ pe olórí ẹbí yín, ẹ bi àwọn àgbà ilé bóyá ojúbọ kan wà níbẹ̀ rí. Àwọn bàbá wa a máa sin òkú sínú ilé. Ẹni tí ẹ máa bá nílẹ̀ lè jẹ́ ẹni yín.

Ìyùn_àti_Ṣẹ̀gi

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kún un, torí òun ló ń dùn mí jù. Apáàdì títò, ojú lébìrà máa rí i, dígà máa dún. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í dún. Ọ̀pọ̀ nínú ṣẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ díńgí tí wọ́n ń ṣe n'Ífẹ̀ láyé ọjọ́un, kò tó hóró àgbàdo. Ní Igbó Ọlọ́kun, níbi tí Leo Frobenius, ará Jámánì, ti gbẹ́lẹ̀ ní 1910, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbẹ́ ibẹ̀ lọ́nà tó tọ́, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ díńgí, tó lé ní 800. Wọ́n yẹ ohun tí wọ́n fi ṣe díńgí náà wò, wọ́n rí i pé kò bá ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ká ní wọn ò fi asẹ́ jọ yẹ̀pẹ̀ ni, mélòó ni wọn ì bá rí nínú wọn?

Ìyẹn ló mú mi dé orí yẹ̀pẹ̀ tí ẹ ti gbẹ́ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló wà? N'Ífẹ̀, bí a bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ tán, ọkọ̀ tipà á wá kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ fi kún ilẹ̀ ẹlòmíì tó rì. Ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ á bá a lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnìkan á gbẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún, á rí ìlẹ̀kẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìtàn méjì ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ_Ìrèmọ

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Yẹ̀pẹ̀ náà ṣì wà lẹ́bàá ògiri, mo ti ní kí wọ́n fi tapólì bò ó, mi ò ní jẹ́ kí tipà kó o.

Ọ̀rọ̀ tún pọ̀ sí i lónìí. Èmi àti àbúrò bàbá wa fi ìgbálẹ̀ gbá ojú apáàdì náà díẹ̀díẹ̀. Ọrùn ìkòkò kan wà láàárín rẹ̀, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí apáàdì náà parí sí, mo rí nǹkan tó jọ egungun. Mi ò fọwọ́ kàn án. Kí ni kí n ṣe báyìí? Àwọn lébìrà ti lọ, mo sanwó fún wọn fún ìdajì ọjọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá bíríkìlà ṣe wí.

Bíríkìlà_Modákẹ́kẹ́

Ọlọ́run á san án fún yín. Lébìrà tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, òun ló máa kọ́kọ́ pè yín nígbà míì.

Ayẹlẹ̀wò

Ẹ ti ṣe dáadáa, ẹ dúró síbẹ̀ ná. Ọrùn ìkòkò láàárín ilẹ̀ apáàdì kì í ṣe ohun àjèjì n'Ífẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo rí ìkòkò láàárín irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Lafogido ní 1969, pẹ̀lú ère amọ̀ orí ẹranko tó ní adé; Peter Garlake náà bá a ní ilẹ̀ Ọbalárá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó jọ pé ibi ìtàsílẹ̀ ni, àgbàlá tí wọ́n ti ń bọ nǹkan. Garlake tún bá agbárí èèyàn tó kóra jọ ní ilẹ̀ Ọbalárá, nítorí náà, ẹ má ti ọ̀rọ̀ egungun yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Egungun ni ká kọ́kọ́ mú. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ da yẹ̀pẹ̀ tútù díẹ̀ lé aṣọ náà kí oòrùn má baà sán an, ẹ pe olórí ẹbí bí Àgbà Ìlódè ṣe sọ, kí ẹ sì sọ ọ́ fún mùsíọ́mù lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e láti mọ̀ bóyá tẹran ni tàbí tèèyàn. Ẹni tó kọ́ nípa rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n láìgbé e kúrò nílẹ̀.

Ní ti fọ́tò, ẹ dúró sókè tààrà, kí òjìji yín má bọ́ sórí rẹ̀. Ẹ fi rúlà tàbí téèpù bíríkìlà sínú àwòrán náà ká lè mọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹ sì fi igi kékeré tọ́ka sí àríwá. Ẹ ya ògiri kòtò náà pẹ̀lú, torí ibẹ̀ la ti ń ka ìtàn ilẹ̀: ìpele wo ló bo apáàdì, ṣé eérú ni, ṣé ògiri amọ̀ tó wó ni. Ẹ wọn bó ṣe jìn sí ojú ilẹ̀ òde òní, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá rí èédú, ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gbé e sínú fọ́ìlì, ẹ má fọwọ́ lásán mú un. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá jáde, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má da omi sínú ọrùn ìkòkò yẹn, ẹ má sì ha inú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni wọ́n lè fi mọ ohun tí wọ́n ń dà sí i.

Ọmọ Onílẹ̀, mo fẹ́ dá yín lóhùn náà. Òfin tó ní kí wọ́n yẹ àyíká wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Decree 86 ti 1992, iṣẹ́ ńláńlá ló dojú kọ. Sọkawéè, kànga, fẹ́ǹsì, gọ́tà àdúgbò, kò kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀, nínú iṣẹ́ kéékèèké wọ̀nyí ni àárín ìlú Ifẹ̀ ti ń tán lọ lójoojúmọ́. Igbo-Ukwu nílẹ̀ Ìgbò náà, ẹni tó ń gbẹ́ kòtò omi sínú àgbàlá ara rẹ̀ ló kan idẹ ní nǹkan bíi 1938, ó tó bí ogún ọdún kí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw tó wá gbẹ́ ibẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_ní_Rio

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nítorí ọ̀rọ̀ egungun ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀. Ní 1996, tọkọtaya kan ń tún ilé ara wọn ṣe ní àdúgbò Gamboa ní Rio níbí, ilẹ̀ Brazil. Iṣẹ́ ilé lásán ni. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí egungun, òmíràn fọ́, òmíràn jóná. Itẹ́ Pretos Novos ni, ibi tí wọ́n ń da òkú àwọn èèyàn wa sí, àwọn tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà tí wọ́n kú kí ẹnikẹ́ni tó rà wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn wá láti apá Kóńgò àti Àǹgólà. Ìlú ti kọ́lé lé wọn lórí, ó ti gbàgbé wọn. Tọkọtaya yẹn ò bò ó mọ́lẹ̀. Ilé wọn ló di ibi ìrántí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá wò. Nígbà tí wọ́n wá ń tún èbúté ṣe ní 2011, àwọn awalẹ̀pìtàn tó ń tẹ̀lé iṣẹ́ náà rí òkúta èbúté Valongo, níbi tí wọ́n ti ń já àwọn ẹrú sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, UNESCO sì fi í sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2017.

Ní New York náà, 1991, ilé ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ń kọ́ ní Broadway tí wọ́n fi kan itẹ́ òkú àwọn Adúláwọ̀. Iṣẹ́ fẹ́ máa lọ, àwọn ọmọ Adúláwọ̀ ìlú náà yarí, iṣẹ́ dúró. Òkú 419 ni wọ́n hú jáde, wọ́n sì tún wọn sin tẹ̀yẹtẹ̀yẹ ní 2003. Ọmọ Ìrèmọ, bí egungun yẹn bá jẹ́ tèèyàn, ẹ bá a lò bí ẹni tó ní orúkọ.

Ọmọ_Onílẹ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ra nǹkan lóru yẹn yé mi. Mo ṣì dúró lórí owó ṣá. Ní London tí ẹ sọ, onílé ló ń sanwó. Onílé ti ibí kò lè san án. Bí ẹ bá gbé e lé e lórí, iṣẹ́ òru ni gbogbo gbígbẹ́ n'Ífẹ̀ máa dà. Àbá mi ni pé kí wọ́n fi owó díẹ̀ kún owó plánì ilé ńlá, ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú, kí owó yẹn máa gbọ́ bùkátà wíwo sọkawéè àwọn aláìní. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé rírí apáàdì kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí onílé bá rí ìyẹn kà, á sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Iléṣà_ní_London

Mo fara mọ́ ìkejì yẹn ju ìkíní lọ. Níbí náà, onílé kékeré ń ráhùn lórí owó, kò sì yẹ kí wọ́n kó o lọ sí Ifẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń náni gan-an: wákàtí díẹ̀ tí ẹnìkan fi dúró, rúlà, fọ́ònù, ìwé. Ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, mùsíọ́mù wà ní OAU nínú Ifẹ̀ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá ibi tí wọ́n máa ti fi ọwọ́ kọ́ṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ bíríkìlà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ bá ní nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo tí wọ́n lè pè, tí ẹni tó máa gbé e sì lè dé láàárín wákàtí méjì, ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò ní lọ mọ́.

Bíríkìlà_Modákẹ́kẹ́

Èmi á gbé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn dé ìpàdé wa. Ọ̀gá Ayẹlẹ̀wò, ẹ wá kọ́ wa ní bí a ṣe ń ya fọ́tò náà, ẹ má fi ìwé ránṣẹ́ nìkan.

Ayẹlẹ̀wò

Màá wá. Ẹ sọ ọjọ́ ìpàdé fún mi.

Ọmọ_Ìrèmọ

Èsì rèé. Olórí ẹbí wá, àwọn àgbà ilé sọ pé àwọn ò mọ ojúbọ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ètùtù díẹ̀. Àwọn ará mùsíọ́mù ti wá wò ó, ẹran ni egungun náà. Wọ́n ya àwòrán gbogbo rẹ̀. A ti gbé sọkawéè kúrò níbẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àgbàlá, ẹ̀yìn ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ti gbà láti fi owó páìpù kún un lẹ́yìn tí mo fi fọ́tò náà hàn án. Fẹ́ǹsì nìkan ló máa kọjá lórí etí apáàdì náà, kò sí ọgbọ́n tá a lè dá sí ìyẹn. Ìbéèrè mi tó kù: ṣé ká fi kọnkéré bò ó ni kó má bàjẹ́? Báwo la ṣe máa ṣe ti fẹ́ǹsì?

Ayẹlẹ̀wò

Ẹ má fi kọnkéré bò ó rárá. Kọnkéré máa lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ iwájú á fọ́ méjèèjì. Ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì tí ẹ ti là sórí rẹ̀, ẹ da yanrìn odò tó mọ́ lé e tó ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí ẹ tó wá da yẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ náà padà. Yanrìn tó yàtọ̀ sí ilẹ̀ ibẹ̀ ló máa sọ fún ẹni tó bá tún gbẹ́ ẹ pé ẹnìkan ti débẹ̀ rí. Ẹ ju owó ẹyọ kan tó ní ọdún lára sábẹ́ yanrìn náà pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe.

Ní ti fẹ́ǹsì, ẹ má gbẹ́ ìpìlẹ̀ já gba orí rẹ̀ kọjá. Kí bíríkìlà gbé òpó méjì sí òde etí apáàdì náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kó fi bíìmù so wọ́n lókè ilẹ̀, kó to blọ́ọ̀kù lórí bíìmù náà. Ihò òpó méjèèjì la máa dúró tì. Mo lè wà níbẹ̀ ní Sátidé láago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé, kí asẹ́ kan sì wà nílẹ̀ fún yẹ̀pẹ̀ tí ẹ fi tapólì bò.